Ìbàǹtẹ́ Tí A Wọ̀ Fún Jíìpù Ràhímátù

Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Lákọwé.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Ràhímátù ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùm. Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdúró, torí ó gùn díẹ̀, ibi tó sì ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló wà. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àwọn ará ọ́fíìsì yín kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohun tí o bá sì fọwọ́ kàn, kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.

Àwa náà wà. Ìyá rẹ ń yan ẹja lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, èéfín sì ti gba gbogbo ojú mi, nítorí náà tí o bá rí i tí omi kán sórí ìwé, má ronú ohun mìíràn, èéfín ni. Báńkì kí mi lórí fóònù pé mo kú ọjọ́ ìbí. Mo dá wọn lóhùn pé mo dúpẹ́, mo bi wọ́n léèrè aya àti ọmọ, wọn ò tíì fèsì láti ìgbà náà. Tí o bá pàdé wọn ní Igbó Ẹfọ̀n, bá mi kí wọn, ojú ń ro mí.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù tìrẹ, o máa ń gbé e sórí tábìlì ni, tí yóò máa pariwo ọ̀rọ̀ bàbá rẹ sétí gbogbo ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ tí mo ní yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí tábìlì. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi wá, àmọ́ nígbà tí mo wá kẹ́yìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì ẹsitéètì yín ní kí n mú nọ́ńbà kan wá. Mo pe nọ́ńbà ilé wa, wọn ò gbà. Mo pe ọdún tí a bí ọ, wọn ò gbà. Mo ní èmi ni mo bí i, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe nọ́ńbà. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé. Èmi fúnra mi ni mo sì kọ ọ́, kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Kàsímù dẹ́rẹ́bà rẹ ni. Láti ọjọ́ Iléyá tí abẹ́ jíìpù rẹ ti gbá òkúta nínú omi lójú ọ̀nà wa níbí, tí ọ́ìlì dà nù, tí o bínú, tí o ní Kàsímù ń tẹ fóònù lórí sítíárìn, tí o sì ní kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, oorun mi ò já gaara mọ́. Mo gbọ́ pé o fẹ́ gba ẹlòmíràn tí oṣù yìí bá parí. Ọkùnrin náà ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì bá dẹ́rẹ́bà kankan sọ̀rọ̀ títí o ó fi ka ìwé yìí débi orúkọ mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jábọ̀ iṣẹ́ mọ́tò. Nígbà tí Mọ́rúfù mẹkáníìkì rẹ l'Ájá sọ pé ibi tí ọ́ìlì ń gbé lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ti lu, pé òun yóò pààrọ̀ rẹ̀, àti pé kò yẹ kí irú jíìpù bẹ́ẹ̀ máa rin ọ̀nà tiwa láìní irin tó bo abẹ́ rẹ̀, ẹnu yà mí. Àṣé rọ́bà lásán ni wọ́n fi bò ó láti òkè òkun wá! Mọ́tò tó ga tó bẹ́ẹ̀, tó ní dígí dúdú, tí kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀, àṣé ìhòòhò ló wà nísàlẹ̀. Mọ́rúfù ń pe irin náà ní gáàdì. Èmi ń pè é ní ìbàǹtẹ́, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

O ti sọ pé kí n má ṣe wàhálà, pé ìwọ àti Mọ́rúfù yóò yanjú ẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ dá sí i, o ó gbọ́ ọ. Mo ní kí Mọ́rúfù fi àwòrán àwọn irin náà ránṣẹ́ sí èmi náà, ó sì fi mẹ́ta ránṣẹ́. Mo fi ìka wọ̀n wọ́n lójú fóònù. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ìka mẹ́rin lọ! Mo pè é lójú ẹsẹ̀, mo ní Mọ́rúfù, ṣé jíìpù ni àbí kẹ̀kẹ́ ọmọdé? Ó ní kí n kúkú máa bọ̀ l'Ájá.

Kàsímù ló mú mi lọ. Ọkọ̀ èrò la wọ̀, òun ló sì san owó tèmi mọ́ tirẹ̀, ọkùnrin tí o kò san owó oṣù fún. Mo na owó sí i, ó ní kò sí bí òun ṣe máa wà nínú ọkọ̀ kí n wá máa yọwó.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ rọ́bà líle, ẹ̀gbọ́n èyí tó fọ́, mo fẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì ni irin fúlẹ́fúlẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò. Mo fi òrùka mi kàn án, bó ṣe dún báyìí mo ní ti ìyá rẹ nìyí, kí wọ́n wá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá kó máa fi se ọbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni irin gidi, dúdú, mo gbé e, ó gbé mi. Mọ́rúfù ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ mí létí. Ó ní irin ìkòkò yìí fúyẹ́, kì í dípẹtà, àmọ́ ó rọ̀, tó bá gun orí òkúta, òkúta á họ ọ́, á sì dì í mú. Irin gidi á yọ̀ kọjá lórí òkúta ní tirẹ̀, àmọ́ ó wúwo, atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń fẹ́ wá láti òkun á sì jẹ ẹ́ bí a ò bá kùn ún lọ́dà. Mo ní irin gidi ni kó fún wa. Mo tún bi í bóyá ó ní èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ojú gọ́tà. Ó ní tí òun bá de ìyẹn mọ́ ọn, jíìpù yóò forí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń kírun, kò sì ní gbórí sókè mọ́. Mo bá gba èyí tó nípọn tó owó ẹyọ méjì tí a tò léra.

Ó bi mí pé ọ̀dà wo ni kí wọ́n fi kùn ún. Mo ní àwọ̀ kí àwọ̀, kó má sáà ti jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo tètè sọ ọ́ jù. Mọ́rúfù wò mí, Kàsímù wo ilẹ̀.

Àfi ìgbà tí mo yí irin náà padà tí mo rí ihò lára rẹ̀. Ihò mọ́kànlá, mo kà á! Mo bi Mọ́rúfù bóyá owó irin la san àbí owó àjẹrẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Mi ò bá a jiyàn. Mo dúró títí tó fi lọ kírun Àyìlà (èmi ti ní mo máa kí tèmi pọ̀ mọ́ Àlàásárì, arìnrìn-àjò ṣáà ni mí láti Lákọwé), mo ní kí Kàsímù lọ ra omi wá, mo wá gbé irin náà tọ wẹ́dà òdìkejì lọ, mo ní kó bá mi dí i. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ọmọ mi ló ni ín. Kí Mọ́rúfù tó dé, ihò mẹ́sàn-án ti dí. Ó ká ọwọ́ lé orí. Ó ní ibo ni òun yóò ti máa tú ọ́ìlì tó bá dọjọ́ pípààrọ̀, ibo ni iyanrìn àti omi ẹrẹ̀ yóò gbà jáde, ibo ni ooru yóò gbà sá lọ, ṣé mo fẹ́ se ẹ́ńjìnnì jinná ni.

Ìgbà tó dárúkọ ooru ló yé mi. Ràhímátù, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ìyá rẹ ti ń yan ẹja lójú mi. Bí ìdí àjẹrẹ kò bá lu, ọ̀rá kò ní ríbi kán sí, ẹja yóò sè dípò kó gbẹ. Ohun tí mo ń rí láràárọ̀ ni mo lọ ń bá ọmọ ọlọ́mọ jà lé lórí. Mo tọrọ àforíjì. Wẹ́dà tún lu gbogbo ihò náà padà. Ó gba owó dídí, ó gba owó lílu, ó sì ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run máa mú irú mi wá.

Ẹni tí Mọ́rúfù ti bá wa ra irin náà ní ìwé kan tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún méjì ni àwọn fọwọ́ sọ̀yà, àmọ́ bí òkúta bá gbá a, kò kan àwọn. Irin tí a torí òkúta rà! Ṣé ìrẹsì ni yóò máa bá pàdé lójú ọ̀nà ni? Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èmi Ìsìmáílà kò gbà, mo wá buwọ́ lù ú. Wọ́n tún béèrè bí ọ̀nà tí mọ́tò náà ti rìn ṣe jìn tó. Mo kọ ọ́ pé láti Igbó Ẹfọ̀n dé Lákọwé, àmọ́ kì í sábà wá.

Ó wá ku dídè é. Mọ́rúfù fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, ó tún ki irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bọ abẹ́ rẹ̀, torí ó ní jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí à ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ìbàǹtẹ́ náà sí i, mo ní kí wọ́n tẹ́ páálí, mo fẹ́ wọ abẹ́ lọ wo nǹkan. Mọ́rúfù rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá fẹ́ wo ìhòòhò mọ́tò. Mo bọ́ fìlà, mo wọlé. Ohun tí mo ń wá wà níbẹ̀: lára irin tó dábùú abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó fẹ̀ tó ìka méjì. Mo yọ àkísà láti inú àpò mi, mo tutọ́ sí i, mo ń nù ún, kò kúrò. Mo ń làágùn. Ọwọ́ kan bá yọ láti òdìkejì, ó na àkísà mìíràn tí wọ́n ti rẹ sínú epo mọ́tò sí mi. Ọwọ́ Kàsímù ni. Ó rọra sọ pé kí n fi ìyẹn nù ún, yóò tètè kúrò.

Ràhímátù, èmi ni mo gbé òkúta náà síbẹ̀.

Àwọn típà tó ń kó iyanrìn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ló mú mi ṣe é. Eré tí wọ́n ń sá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pọ̀ jù, àwọn ọmọ kéwú sì ń sọdá níbẹ̀. Ó ku ọ̀la kó jẹ́ Iléyá, mo yí òkúta kan dé ojú ọ̀nà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun mọ́ṣáláṣí kùn ún kí wọ́n lè máa rí i. Òjò wá rọ̀, omi bò ó. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn rẹ nínú jíìpù lọ́jọ́ kejì, mo rántí rẹ̀ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a débẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi. Àmọ́ mo ní tí mo bá pariwo òkúta, ẹ ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo tún ní ẹsẹ̀ jíìpù ṣáà gùn, yóò rékọjá. Ibi tí mo ti ń rò ó ni a ti gbọ́ gbì! Tí a wá sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ ń ṣépè fún ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀, ohùn ta ló ròkè jù? Tèmi ni. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí, ìyá rẹ ní òjò ni.

Kàsímù kò tẹ fóònù kankan. Fóònù tí o rí lórí itan rẹ̀, tèmi ni, èmi ni mo ní kó bá mi mú un dání torí àpò mi ti lu.

Nígbà tí wọ́n de ìbàǹtẹ́ náà tán, tí Kàsímù ń fi jíìpù gbé mi padà bọ̀, mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun rí ọ̀dà lábẹ́ èékánná mi nígbà tí òun kí mi kú ọdún. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún ọ? Ó ní dẹ́rẹ́bà lè wá iṣẹ́ mìíràn, àmọ́ ojú kan ṣoṣo ni bàbá ní níwájú ọmọ rẹ̀. Ràhímátù, èyí tó kán síbí yìí, èéfín kọ́. Ojú tì mí. Àgbà tó jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹrù òun kì í ṣe àgbà rere, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Ti ọwọ́ Kàsímù, mo ti tọrọ rẹ̀ lórí ìrìn.

Mo ti hú òkúta náà kúrò. Orí rẹ̀ ni mo ń jókòó ṣe àlùwàlá báyìí, ó sì rọrùn. Ìyá rẹ kò tíì mọ̀. Tí o bá fẹ́ sọ fún un, jẹ́ kó ta ẹja tán ná.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Fi owó sìmẹ́ńtì báàgì mẹ́ta ránṣẹ́, mo ti bá baálẹ̀ sọ ọ́, a fẹ́ ṣe òkè kékeré gidi sójú ọ̀nà kí àwọn típà lè rọra. Fi owó ọ̀dà funfun kún un. Fún mi lówó wẹ́dà, ti dídí àti ti lílu, torí owó ẹja ìyá rẹ ni mo fi san án, ó sì ti ń kà á. Owó oṣù Kàsímù, òun ni kí o san ṣáájú gbogbo rẹ̀, kí o fi owó ọkọ̀ Ájá lé e.

Ọlọ́run tó bo àṣírí mi títí mo fi rí ẹnu sọ ọ́, yóò bo tìrẹ. Bí òkúta bá wà lọ́nà rẹ, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ rí i. O kò ní pàdánù ẹni rere nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Àmín.

Kàsímù ló mú ìwé yìí wá. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo kàn ní kó wa jíìpù náà wá fún ọ ni. Láti ìgbà tí o ti ń kàwé yìí ló ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ. Tí o bá jáde, yóò na kọ́kọ́rọ́ sí ọ. Má gbà á.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìsìmáílà.