Míkísà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jókòó Tì

Kakpagyili,
Tamale.

Tahir ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Accra níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé onílé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní dí mọ́ ọ, ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ kò ní gbẹ, ẹni tí kò fẹ́ ọ fẹ́re kò ní rójú ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀, ó ní orúnkún òun ti ń gbọ́ oògùn. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, akọ kan, abo kan, akọ yẹn sì ti ń jẹ aṣọ tí a bá sá.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí Bàbá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn ju fóònù lọ. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ibi tó ti dùn ni kírẹ́díìtì á ti tán, o ò sì ní mọ̀ bóyá mo ń rẹ́rìn-ín tàbí mo ń bínú. Mo tún mọ̀ pé Yorùbá kíkà kò yá ẹ̀yin tí a bí sí Tamale lẹ́nu, Haúsá lẹ fi ń jà, Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń ṣàánú ara yín. Rọra máa kà á. Ibi tó bá le, kà á sókè, etí rẹ á bá ọ gbọ́ ọ.

Ìròyìn tí mo mú wá ni pé ọ̀rọ̀ Fuseini ti tán. Ó ti tán pátápátá, ọkàn mi sì ti balẹ̀.

Mi ò sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ fún ọ, torí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Nígbà tí o wọ bọ́ọ̀sì lọ, ìgbéyàwó kan ní Gurugu tí wọ́n pe ẹgbẹ́ olórin yín sí ti kù fẹ́ẹ́fẹ́. Kò sẹ́ni tó máa jókòó sídìí míkísà lẹ́yìn èrò níbi tí o máa ń jókòó sí, kó máa fi ẹ̀rọ náà wọn ohùn kálukú. Fuseini ní kò burú, òun tí òun jẹ́ olórí ẹgbẹ́ á máa ta gìtá, òun á sì máa sáré lọ yí i. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Ó ta gìtá díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó la èrò kọjá, ó yí nǹkan kan lára míkísà, kó tó padà dé orí pèpéle nǹkan mìíràn ti bàjẹ́. Sípíkà ń ké bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ìyá àgbà ìyàwó di etí méjèèjì, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Nafisa tó ń kọrin kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó ń pariwo, ó ń pariwo, títí ohùn fi há. Nígbà tó yá, ẹni tó pè wọ́n wá ní kí wọ́n palẹ̀ mọ́, ó wá fi orin inú fóònù parí ìnáwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Fuseini wá sílé wa. Kò jókòó, kò gba omi. Ó ní ilé yìí ti dójú ti òun láwùjọ, ó sì yíjú lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá tò sí ìlà kan ní mọ́sálásí, á lọ tò sí ìlà mìíràn. Tahir, o mọ̀ pé èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ ta taya kẹ̀kẹ́ lójú kan náà títí Ọlọ́hun fi gbà á. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n gbé Fuseini lé nígbà tí wọ́n ń fárí rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa wò mí kọjá bí ẹni wo ògiri, ó dùn mí. Mo kàn ń sọ fún ìyá rẹ pé kò sí nǹkan ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í fẹ́ wọlé mọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn títí Nafisa fi wá kí wa. Ó ní ẹgbẹ́ fẹ́ ra míkísà tuntun, irú èyí tí àwọn tó wà lórí pèpéle á lè máa yí fúnra wọn láìsí ẹni tó jókòó tì í, ṣùgbọ́n wọn ò lè fẹnu kò sí ọ̀kan. Fuseini fẹ́ èyí, Ṣẹ́gunfúnmi fẹ́ ìyẹn. O lè má rántí Ṣẹ́gunfúnmi dáadáa, ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ni, tó ń gbé ní Choggu, òun ló ń tẹ kíbọọ̀dù fún wọn báyìí. Nafisa ní ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká, kí n jọ̀ọ́ bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí Fuseini kò lè gbóhùn sókè níṣojú mi. Mo ní ẹni tí kì í kí mi ńkọ́? Ó ní ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí òun wá. Ìyá rẹ ti ń gbé agbádá mi jáde kí n tó fèsì.

Ṣọ́ọ̀bù Issahaku la lọ, ìyẹn ẹni tó ń ta sípíkà nítòsí ọjà. Fuseini rí mi, ó kí mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń kí. Issahaku gbé míkísà méjì jáde. Èkíní fẹ̀ bíi tábìlì, gbogbo ojú rẹ̀ kún fún nǹkan tí wọ́n ń tì sókè tì sódò. Èyí ni Fuseini fẹ́. Ó ní ohun tí ọwọ́ kò lè bà, ọkàn kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Èkejì jẹ́ àpótí dúdú kékeré kan, ihò nìkan ló wà níwájú rẹ̀, kò ní ojú, kò ní ìmú. Mo yí i ká, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń yí i. Ṣẹ́gunfúnmi ní ojú rẹ̀ wà nínú fóònù. Ó ní ẹ̀bá ẹsẹ̀ wọn lórí pèpéle ló máa wà, wáyà gígùn tó máa ń la èrò kọjá, tí àwọn ọmọdé ń kọ lù, ti di ohun ìgbàgbé.

Mo ní kí ló so fóònù pọ̀ mọ́ àpótí nígbà náà? Wáìfù ni mo gbọ́ pé ó pè é. Ó ní àpótí náà bá wáìfù tirẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n kò lágbára, bí èrò bá ti pọ̀, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n ra òmíràn tó lágbára kún un, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí dè é, kí àwọn àlejò ibi ìnáwó má baà máa wọlé tọ̀ ọ́. Tahir, ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ yìí ti ẹnu Kristẹni jáde. Mo sọ fún un pé ẹ̀sìn tiwa kò kọ̀ ọ́, bí àpótí bá ti lè ṣe déédéé láàárín àwọn méjèèjì, àti pé bó ṣe ní kí wọ́n máa ṣọ́ èkejì yẹn dára gan-an. Nafisa fi ìborùn bo ẹnu. Ṣẹ́gunfúnmi ní òun á fi ọ̀rọ̀ Bàbá sọ́kàn. Mo rí i pé ọmọ tó létí ni.

Ó tún ní ohun tí èrò ń gbọ́ yàtọ̀, ohun tí olórin kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ látinú sípíkà ẹsẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, kálukú á sì máa fi fóònù rẹ̀ bu ìwọ̀n tó fẹ́. Ìyẹn yé mi. Bí a bá jọ jẹun nínú àwo kan, ẹni tó fẹ́ ata á fi ata pa ẹni tí kò fẹ́. Kálukú pẹ̀lú àwo tirẹ̀, ìjà tán.

Ni mo bá béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní ti tábìlì ńlá yìí, mo rí ibi tí Tahir á gbé àga sí, ṣùgbọ́n ti àpótí yìí, níbo ni Tahir á jókòó sí?

Issahaku ń nu ohun tí kò dọ̀tí. Fuseini kò wo ilẹ̀ mọ́, ojú mi ló ń wò. Ó ní Bàbá, Tahir kò ní jókòó síbì kankan. Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ tábìlì yẹn nìyẹn, pé bí àga bá ṣì wà lẹ́yìn míkísà, ó máa ń dà bíi pé ẹni tó ni ín lọ ra nǹkan ni, ó ń bọ̀. Ó ní kì í ṣe lílọ tí o lọ ló dun òun, ta ni kì í wá iṣẹ́ lọ? Ó ní ibi tí òun ti ń ra epo sí ọ̀kadà ni ẹlòmíràn ti sọ fún òun pé o ti lọ. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ jọ ń jẹ tuo zaafi nínú abọ́ kan láti kékeré, o kò lè yà ní ẹnu ọ̀nà òun kí o sọ ọ́.

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní òru ọjọ́ tí o máa lọ ni àwa náà gbọ́, ìyá rẹ rò pé o ń ṣe eré ni. Mo ní ojú ló tì ọ́. Mo ní o wò ó pé bí o bá rí Fuseini, o ò ní lè lọ mọ́. Fuseini kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé gbogbo wa la jọ mọ̀, tí a sì fi pa mọ́ fún òun nìkan. Ó tún ọ̀rọ̀ náà bi mí, mo tún un sọ, ó wá jókòó sórí sípíkà kan bí ẹni tó ti dúró tipẹ́.

Issahaku, ọlọ́gbọ́n ènìyàn, ní ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Wọ́n kọ́kọ́ lo tábìlì. Nafisa ní òun kò gbọ́ ara òun, Fuseini gbé gìtá sílẹ̀ láti lọ tì í sókè, orin dà nù. Wọ́n wá lo àpótí. Nafisa fi ìka kan tẹ fóònù tó gbé kọ́ ara igi máìkì, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Tahir, mi ò mọ̀ pé ohùn ọmọ náà tutù tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, igbe la ń gbọ́. Fuseini parí orin láìgbé gìtá sílẹ̀, ó ní kí Issahaku di àpótí náà fún àwọn.

Ìkómọ kan ní Choggu ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, èmi àti ìyá rẹ sì lọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Ṣẹ́gunfúnmi ní kí kálukú rí i pé fóònù òun ti wọ ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù, mo rò ó pé ta ló máa san owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì rí àwọn fóònù náà lọ́wọ́ wọn, mo wá gbà pé àwọn èèyàn ti fagi lé ìrìn àjò náà. Fuseini nìkan ni kò gbọ́ ìkéde yẹn. Orin dùn, sípíkà kò ké, àwọn ìyá àgbà ń jó. Inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró kí wọ́n ṣe tán, mo fa fóònù yọ, mo pe Fuseini kí n lè ṣàdúrà fún un. Mo rí i lókèèrè tí ojú rẹ̀ yí padà. Ohun tí mo wá gbọ́ ni pé orúkọ mi bo gbogbo míkísà mọ́lẹ̀ lójú fóònù rẹ̀. Ó rò pé Gurugu ti tún dé. Ṣùgbọ́n orin kò yẹ̀, torí àpótí ló ń ṣiṣẹ́, fóònù kàn ń pàṣẹ fún un ni. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó wá bá mi, mo rò pé ó máa bínú, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín tí ó di agbádá mi mú. Ó ní Bàbá, ẹ ti bá wa dán an wò ju Issahaku lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ mi ló tò sí. Èjìká rẹ̀ kan tèmi. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo forí kanlẹ̀, kò sẹ́ni tó rí mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Afẹ́fẹ́ ti ká páànù ilé ìdáná, òjò sì ń bọ̀, bí o bá rí nǹkan, fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Má fi sórí fóònù tèmi. Fóònù náà sọ fún mi pé bálánsì mi ti lọ sílẹ̀, mo fi í sí iná láti àárọ̀ di àṣálẹ́, síbẹ̀ kò gòkè. Tún fi ti gíláàsì ojú mi kún un, kí n lè máa rí ohun tí mo bá kọ sí ọ.

Ọlọ́hun á fún ọ ní èyí tí o máa jẹ àti èyí tí o máa fún ni. Yóò mú ọ padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ, o ò ní bá ẹkún nílé, ayọ̀ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ọ. Àmín.

Fuseini ní òun máa pè ọ́ bí lẹ́tà yìí bá ti tó ọ lọ́wọ́. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa sọ. Bí o bá rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù, má jẹ́ kó dún tán. Gbé e.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùsbáù Àlàbí