Orúkọ Mi, Lẹ́nu Ta Ni?

Kpingni, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà

Òpéléńgẹ́ ọkọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru Kútọnu, ẹ kú èéfín ọ̀kadà sẹ́mí. Ṣé ara yín le? Ọlọ́run tó to àpáta lé àpáta lórí ilé wa tí wọn kò sì wó lù wá, kó gbé iṣẹ́ yín ró bẹ́ẹ̀. Àwa náà ń bẹ. Bàbá yín ń bẹ, orúnkún rẹ̀ nìkan ló máa ń bá a jà bí òjò bá ṣú. Iṣu tuntun ti jáde, ó funfun, kò sì pọ̀.

Bàbá yín ní kí n kọ lẹ́tà yìí bí ìyá ti ń kọ ọ́ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, nítorí ìyàwó bàbá ẹni, ìyá ẹni ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti wà nínú ilé yìí kí wọ́n tó gbé mi dé lẹ́yìn Àjíǹde, ìyàwó kì í sì í la ẹnu pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè yín ní Òpéléńgẹ́, nítorí fọ́tò yín tó wà lára ògiri. Bí ẹ bá ti sanra ní Kútọnu, ẹ dárí jì mí.

Mi ò pè yín lórí pọ́tábù nítorí ojú ń tì mí, àti nítorí pé owó inú rẹ̀ máa ń tán nígbà tí mo bá ṣì ń kí yín. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan já lu ọ̀rọ̀ wa, ó ń sọ Faransé sí mi létí. Mo rò pé alájọgbé yín ni, mo kí i dáadáa, kò dá mi lóhùn. Évariste awakọ̀ tó ń kó iṣu wá sí Kútọnu ni mo fi lẹ́tà rán.

Ọ̀rọ̀ Eyínfúnjowó ló wà nílẹ̀, ọmọ yín tí ẹ fi sọ́dọ̀ bàbá yín kí ẹ lè ríṣẹ́ ṣe. Diane tí ilé-ìwé ń pè é ni mò ń wí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí ìwé kì í ṣe ẹnu, mi ò tíì fi ẹnu mi pè é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan ti ìlú wá sí ilé-ìwé, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ tí yóò wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́, lóṣù kẹsàn-án wá kí àwọn wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lẹ́nu wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Blandine ló jókòó ti tiwa. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ títọ́ ẹnu ọmọdé ló ń kọ́. Ó sọ Faransé sí i, kò lọ, ó wá sọ Yorùbá rédíò, èyí tó dàbí tiwa bí ẹ̀wù ẹni ti máa ń rí lára ẹlòmíràn. Ó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ronú, ó ní lẹ́nu ta ni. Ó tún bi í, ọmọ tún ní lẹ́nu ta ni. Wọ́n fi àmì pupa sí i pé kò mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ wo ló pa níbẹ̀? Lẹ́nu tèmi, Eyínfúnjowó ni. Lẹ́nu bàbá yín, Ìyá Mi ni, ó ní ojú ìyá òun ló gbé wá sáyé. Lẹ́nu ìyá Isabelle tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, Aláròyé ni. Ọmọ tí wọ́n ń pè báyẹn, ó yẹ kó béèrè kó tó dáhùn.

Blandine wá ṣí páálí àwòrán. Ó fi ewúrẹ́ hàn án, ó ní kí nìyí, ọmọ ní ti ìyá Isabelle ni. Àmì pupa. Ó fi bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun hàn án, ọmọ kúnlẹ̀ kí bàbá náà, ó sì dákẹ́, nítorí ta ni í fi ìka han àgbà kó máa dárúkọ rẹ̀? Àmì pupa.

Wọ́n kọ rẹtáà sórí ìwé rẹ̀, pé ó pẹ́. Inú bí mi, èmi tí kì í bínú. Mo mọ rẹtáà dáadáa. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé ní Gbaffo, kí wọ́n tó mú mi kúrò, rẹtáà ni olùkọ́ máa ń kọ sára pátákó fún àwa tí a bá dúró ká èso lójú ọ̀nà, a ó sì kúnlẹ̀ síta títí ìrì yóò fi gbẹ lára koríko. À ń sunkún ìyà nígbà náà. Báyìí, bí mo bá gbóòórùn ìrì àárọ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀ padà.

Mo sọ fún Blandine pé ọmọ yìí kò pẹ́ o, pé wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn tí bàbá yín ti gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ kọ́ ló pẹ́, ẹnu ni. Mo ní níbo ni ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ẹ̀yìn pátápátá ló wà. Mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí ọmọ kankan. Mo ní ọmọ ta ni wọ́n, ó ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dán wọn wò. Mo ní ẹ bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n mọ ewúrẹ́ ìyá Isabelle?

Ó wá ní òun náà kò mọ̀ bóyá ìdánwò yìí ní fàlídítẹ́ fún ọmọ òkè wa. Èyí yé mi kíá, nítorí fàlídítẹ́ káàtì ìdánimọ̀ bàbá yín ti tán, wọ́n sì ti dá a padà ní méérì, ọ́fíìsì ìlú. Mo gba páálí náà, mo yí i dé, mo wo ìdí rẹ̀ bí a ti ń wo ìdí agolo tòmátì, mi ò rí ọjọ́ kankan níbẹ̀. Mo ní bóyá ó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tà á fún yín. Ẹ̀rín pa á títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ohun tí ìdánwò ní òun ń wọ̀n, ṣé òun náà ló ń wọ̀n lóòótọ́, ìyẹn ni fàlídítẹ́. Mo ní áà, bí ẹni gbé tóńgólò tí a fi ń wọn àgbàdo, tó ní òun fi ń wọn bí ọ̀nà ṣe jìn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láyé ìyá mi àgbà, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń dán ẹnu ọmọ wò. Yóò pè mí sídìí ààrò, yóò di ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mi létí bí ẹni di iyọ̀ sétí aṣọ, èyí tó dùn, èyí tó korò, àtèyí tí mi ò gbọdọ̀ sọ lójú ọkùnrin, yóò ní kí n gbé e fún àbúrò òun lódì kejì òkè. N ó máa tún un sọ fún àwọn àpáta. Bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, n ó padà sẹ́yìn díẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti dà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé pérépéré, á ní ẹnu ọmọ ti gbó. Bí kò bá pé, á ní kó máa gbó lọ, a kì í fọwọ́ tẹ ọsàn kó lè pọ́n. Ìyá àgbà ti lọ, àbúrò rẹ̀ ti tẹ̀ lé e, igbó ti bo ọ̀nà yẹn. Kò sẹ́ni tí ń rán mi níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo wá bẹ Blandine kó wá jókòó nídìí ààrò wa lọ́jọ́ kejì. Mo rán Eyínfúnjowó sí ìyá Isabelle: pé mo kí i, pé ewúrẹ́ rẹ̀ tún jẹ ewébẹ̀ wa, mi ò bínú, ṣùgbọ́n kó so ó mọ́lẹ̀, pé kó dá asẹ́ wa padà, àmọ́ bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí ọmọ má sọ ti asẹ́. Ọmọ lọ. Ó pẹ́ gan-an. Mo ń koná, mo rò pé mo ti ba ọ̀ràn jẹ́. Ìgbà tó yá, ìyá Isabelle fúnra rẹ̀ yọ, asẹ́ wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. Ó ní Aláròyé kúnlẹ̀, ó jíṣẹ́ ìkíni, ó jíṣẹ́ ewúrẹ́, ó sì fi ti ara rẹ̀ kún un pé ìyàwó ilé ní òun ò bínú ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Ìyá ọkọ òun sì jókòó síbẹ̀. Ọmọ wá ní ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ó ń sinmi. Ó lọ ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré títí màmá arúgbó fi dìde lọ sóko, kó tó wá sọ ti asẹ́ sí òun létí.

Blandine ní kò sí àwòrán kan nínú páálí òun tó lè béèrè irú nǹkan yẹn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọ̀gá. Ọ̀gá ti ní ọmọ tó bá ní rẹtáà kò ní wọ CI níbí, wọ́n á mú un lọ sílé-ìwé kan tó jìn, níbi tí wọ́n ti ń sùn, àfi bí ìyá ọmọ, ẹ̀yin nìyẹn, bá wá fúnra rẹ̀, kó ní kí wọ́n tún un wò lójú òun, ní èdè ilé. Mo ní èmi ńkọ́, ìyàwó bàbá ni mí. Wọ́n ní kò tó. Mi ò bá wọn jà, mi ò tíì pẹ́ nílé lóòótọ́.

Bàbá yín kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà, àfi ti yín. Ó ní ẹ̀yin náà dákẹ́ pẹ́ títí, àfìgbà tí ẹ wà léjìká òun láàárín èrò tó ń lọ gbàdúrà ní Grotte, ihò àpáta Màríà, tí ẹ ní bàbá, bàtà yín ti bọ́. Ọ̀rọ̀ yín àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní òun kò wá bàtà náà, ẹsẹ̀ kan lófìfo ni òun fi rìn délé, inú òun sì dùn. Ó ní bí wọ́n bá mú Ìyá Òun lọ, ta ni yóò máa bá òun sọ̀rọ̀.

Ó ní kí n má gbàgbé owó ajílẹ̀, pé lẹ́tà tí kò béèrè owó, ẹ̀rù á bà yín. Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sínú pọ́tábù, mi ò tíì mọ ibi tó ń gbà jáde. Ẹ fi wọ mọ́tò. Ẹ wá kí ilé-ìwé tó wọlé.

Ọ̀nà kò ní há mọ́ yín, ohun tí ẹ bá wá béèrè, wọn kò ní fi du ẹnu yín. Bí ẹ bá dé, ọmọ yín lè sá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kó má dùn yín. Ẹ má bi í pé kí nìyí, kí nìyẹn. Ẹ rán an níṣẹ́, èyí tó wù yín, kí ẹ sì jókòó dè é.

Èmi ni, Rachelle, ìyàwó yín tí wọ́n ní kó jẹ́ ìyá yín.