Elétí-Ọfẹ Tó Fi Ìmọ́lẹ̀ Gbọ́ Ohùn Ẹ̀jẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ojúlùmọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn, kó fà síwájú. Ọkọ mi lọ sinmi, ìtàn wọn sì dùn ju ẹkún lọ.

Ọdún 1953 ni a bí olóògbé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn tó ń tún aago ṣe. Aránṣọ ni ìyá wọn. Ọkọ mi jáde nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní 1974. Ní 1979 ni wọ́n fẹ́ èmi ẹlẹ́nu orin. Mo ń kọrin fọ abọ́, mo ń kọrin ká aṣọ. Ọkọ mi ò ní kí n dákẹ́ rí.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara dọjọ́ ogbó. Ní 2011, ẹ̀rọ tuntun kan dé sọ́wọ́ wọn. Á tan ìmọ́lẹ̀ wọnú ara, ẹ̀jẹ̀ á fi ohùn tí etí ènìyàn ò lè gbọ́ dáhùn, ẹ̀rọ á sì fi ohùn náà ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀. Níbi tí ohun burúkú bá ti ń hù, iṣan á lọ́ mọ́ra. Nítorí ẹ̀rọ yìí ni àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Elétí-Ọfẹ.

Lọ́dún kejì, kókó sọ sí mi lọ́yàn. Ọkọ mi ló ya àwòrán náà fúnra wọn. Gbogbo ọyàn rí bí irun tí kò rí ìyarun rí! Dókítà ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi ká gé e kúrò pátápátá. Ó ní kí wọ́n tún un yà, ó sì dúró tì wá.

"Ta ló ń kọrin?" ni dókítà bi wọ́n.

"Orin wo, Dókítà?"

"Ti ìyàwó yín ńkọ́! Àyà wọn ń lọ sókè sódò, àwòrán ò lè dúró."

"Áà! Ìyẹn? Ó ti mọ́ mi létí jù, mi ò gbọ́ ọ mọ́."

"Màmá, ẹ bá wa panu mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Mo panu mọ́. Iṣẹ́ tó le jù tí mo ṣe láyé nìyẹn! Àwòrán mìíràn jáde: iṣan tò bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, àfi ojú kan bíńtín tó lọ́. Ibẹ̀ nìkan ni oníṣẹ́ abẹ yọ. Ọyàn kù, ẹ̀mí kù. Ọkọ mi sunkún, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

Nílé ìjọsìn, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe. Lóṣù tó kọjá, wọ́n sùn lọ lọ́wọ́ ọ̀sán, ìrora kankan ò sí. Èmi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ, aláriwo gbogbo wọn, ló gbẹ̀yìn wọn.

Olówó orí mi, ẹ sùn jẹ́ẹ́, kí ilẹ̀ tù yín lára. Ẹ̀yin àlejò wa, ìkòkò ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ yó, kí ẹ sì fi ayọ̀ relé.