Ẹni Tó Kéré Jù Ni Yóò Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti fi àga rẹ sílẹ̀ fún wa, Bàbá Sinimá. Ọdún mẹ́rin gbáko. Àga náà ṣì wà níbi tí o fi í sí, apá rẹ̀ òsì ṣì ń mì, kò sì sí ẹni tó jókòó sí i. Nígbà tí o wà láyé, "ẹ" ni mo máa ń pè ọ́ níwájú àlejò, bó bá ku èmi àti ìwọ nínú yàrá, á di "o". Ọ̀rọ̀ yàrá ni mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí. Jẹ́ kí n pè ọ́ bó ṣe wù mí.

Ohun tó ti yí padà pọ̀. Àkọ́bí rẹ, tó ti ń gbé ilé tirẹ̀, ti bá wa parí ilé yìí. Òrùlé ẹ̀yìn tó máa ń jò sí wa lórí, ó ti kàn án pa. Káfíńtà gidi ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan gbogbo ilẹ̀kùn. Ó kun ilé tinú-tòde. Nígbà tó dé ìdí ògiri pálọ̀, àyà mi já, torí mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn àwọ̀ ewé. Funfun ló kùn ún. Kò bi mí, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé ara ògiri yẹn lo máa ń ju fíìmù sí, àti pé títí o fi kú, o ò jẹ́ kí a kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn, kódà fọ́tò ìgbéyàwó wa. Mo bá ọ jà lórí ìyẹn, o sì borí.

Ọmọ wa obìnrin àgbà ti di nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ ní ọsibítù, mi ò ní purọ́ fún ọ. Èmi náà ṣì wà nídìí maṣíìnì ìránṣọ mi, àfi pé ojú ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, Nọ́ọ̀sì ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ bó bá wálé. Ìyàwó Àkọ́bí tí o fi sílẹ̀ nínú oyún ti bí, obìnrin ni. Kí-nìyẹn là ń pè é, torí kò sí ohun tó máa rí tí kò ní nawọ́ sí kó béèrè pé kí nìyẹn. Ká ní o rí i ni, ẹ̀yin méjèèjì ì bá jọ máa da ara yín láàmú.

Ohun tí kò yí padà ló gbé mi wá. Lọ́yà.

Ìwọ lo sọ ọmọ náà ní Lọ́yà, àbíkẹ́yìn wa tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀. Òfin rẹ ló sì kọ́ ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ sísọ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, a óò fa kọ́tìnì, wàá tan ẹ̀rọ tó ń ju fíìmù sára ògiri, èyí tí o fọwọ́ ara rẹ tò pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé sinimá tí o ti ń ṣiṣẹ́ pa. A óò wo fíìmù kan tán, ìbáà ṣe ti àtijọ́ tí kò ní àwọ̀, ìbáà ṣe kàtúùnù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dìde títí kálukú yóò fi sọ bó ṣe rí i. Ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. O ní bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀, ohun tó kù fún ọmọdé ni kó máa ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnìkejì. Àwọn ará àdúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kóòtù ni pálọ̀ wa.

Ṣé o rántí èyí tó kẹ́yìn? Fíìmù bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ géètì ojú irin, tó jókòó ń retí ọkọ̀ kan tí kò wá, títí tó fi kú sórí àga. Fíìmù tí o fẹ́ràn jù láyé. Lọ́yà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí òfin ṣe wí. Ó ní fíìmù náà sú òun. Ó ní bàbá yẹn pẹ́ jù kó tó kú, kó yáa tètè kú kí àwọn èèyàn lè lọ jẹun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé ọ. Nígbà tó kàn ọ́, o fọwọ́ sọ̀yà pé fíìmù náà kò ní àbùkù kankan. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pè mí láti ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Orí àga ni wọ́n bá ọ. Tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan ṣì wà ní títú sílẹ̀ níwájú rẹ.

Láti ìgbà yẹn ni ọmọ yìí ò ti sọ èrò ọkàn rẹ̀ mọ́ lórí ohunkóhun. Kò yadi o. Ó ń kí èèyàn, ó ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, ó máa ń kọrin bó bá ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá na aṣọ méjì sílẹ̀ pé èwo ni kí n rán fún un, á ní, "Èyí tó bá wù yín, Mọ́mì." Kí la ó jẹ? Èyí tó bá wù yín. Ṣé iyọ̀ ò pọ̀ jù? Bẹ́ẹ̀ náà ló dáa. Ọmọ tó ti bá olùkọ́ rẹ̀ jiyàn rí lórí àwọ̀ ojú ọ̀run! Èyí tó bá wù yín. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Sátidé ò sì yéé dé. À ń fa kọ́tìnì, à ń wo fíìmù. Bí iná bá tàn, gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ Lọ́yà, òun á wolẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sì ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Kálukú á pa ẹnu mọ́ gbọn-in gbọn-in lórí ìjókòó, títí ẹnìkan á fi wúkọ́, ká tó dìde. Èmi ni mo ní kí a má yí òfin. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá fo ọmọ yẹn kọjá, ohun tí a sọ fún un ni pé a lè ṣe é láìsí i.

Àkọ́bí ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òfin ẹni tó ti sùn de ẹni tó wà láàyè mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ara lè tu ọmọ náà." Mo ní rárá. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní bí Sátidé ìrántí rẹ bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun á tú ẹ̀rọ náà, òun á gbé e lọ sílé òun, olúkúlùkù á sì máa wo tirẹ̀ nílé tirẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun dàgbà sínú ilé tí wọ́n ti ń wo fíìmù bí ẹni tó wá bá èèyàn ṣọ̀fọ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́ sí i. Ó ní kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn kó wò ó. Ó ní Dádì ò kú kí Àkọ́bí lè rí àga bàbá jókòó sí. Ọ̀rọ̀ yẹn le, mi ò ní tan ọ́. Àtọjọ́ náà ni wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ni mò ń bá wọn jíṣẹ́ fún ara wọn bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Àná ni Sátidé náà. Àkọ́bí wọlé tòun ti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, páálí òfìfo wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó jókòó. Kí-nìyẹn nawọ́ sí i, ó ní kí nìyẹn, Dádì? Nọ́ọ̀sì wo páálí náà, ó wo mí. Mo kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró.

Kàtúùnù ni Nọ́ọ̀sì mú wá, nítorí ọmọ kékeré. Ìtàn pẹ́pẹ́yẹ àgbà kan tí kò lè fò jìnnà mọ́ ni, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn kí wọ́n lè jọ sọdá odò, títí àwọn yòókù fi fò lọ, tí pẹ́pẹ́yẹ àgbà náà wá dá fò lọ lọ́jọ́ kan, a ò sì rí i mọ́. Bí n bá mọ̀ ni, mi ò ní jẹ́ kó mú èyí. Níbi tó ti pani lẹ́rìn-ín, Kí-nìyẹn nìkan ló rẹ́rìn-ín. Àwa yòókù ń retí ìparí rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì dókítà.

Iná tàn. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Lọ́yà. Lọ́yà wolẹ̀.

A dúró. A dúró títí. Mo gbọ́ tí Àkọ́bí mí kanlẹ̀, ó dìde, ẹni tí kò tíì dìde rí kí ẹnìkan tó wúkọ́. Ó mú páálí. Nọ́ọ̀sì náà dìde, ó lọ dúró síwájú ẹ̀rọ, ó ká ọwọ́ mọ́yà. Ohun tí o fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, Bàbá Sinimá, ojú mi báyìí ló fẹ́ wó sí.

Ni mo bá gbọ́ ohùn tín-ínrín kan. "Kò dáa."

Kí-nìyẹn ni. Ó jókòó sórí itan ìyá rẹ̀, ó na ìka sí ògiri. Ó ní, "Bàbá pẹ́pẹ́yẹ burú. Kò sọ pé ó dàbọ̀."

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbé ọmọ yìí wá, oorun ló sì máa ń gbé e lọ kí fíìmù tó dé ìdajì. A ò kà á mọ́ wa. Nínú gbogbo wa, tọmọ tàgbà, kò sẹ́ni tó rí i pé ẹni tó kéré jù nínú ilé yìí kì í ṣe Lọ́yà mọ́. Ẹrù tí a gbé lé ọmọ náà lórí, ó ti pẹ́ tí kì í ti í ṣe tirẹ̀.

Lọ́yà gbójú sókè. Ó ní, "Irọ́ ni."

Mo di apá àga mi mú. Lọ́yà ní, "Ó sọ ọ́. Ó fi ìyẹ́ gbá ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn kó tó fò. Bí pẹ́pẹ́yẹ ṣe ń dágbére nìyẹn. O ò wò ó dáadáa ni." Kí-nìyẹn ní kò sọ ọ́. Lọ́yà ní ó sọ ọ́. Kí-nìyẹn ní kò sọ ọ́. Òfin ní kí wọ́n má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n máa já a gbà lọ.

Lójijì ni Lọ́yà yíjú sí mi. Ó ní, "Dádì ni kò sọ ọ́. Mo ní kí bàbá fíìmù yẹn tètè kú, Dádì sì lọ jókòó sórí àga bíi tirẹ̀." Ó wá bú sẹ́kún.

Ọdún mẹ́rin, ọkọ mi. Ohun tí ọmọ rẹ gbé mì nìyẹn, tó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ kó má bàa tún pa èèyàn. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní ọkàn rẹ ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé kì í dá ọkàn dúró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò gbọ́.

Ni mo bá rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ fíìmù yẹn. Mò ń ká aṣọ, o wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, o ń rẹ́rìn-ín. O ní, "Ìyá Àkọ́bí, ọmọ yẹn gbà á o. Bàbá yẹn pẹ́ jù kó tó kú. Nígbà tí mo ń ju fíìmù yẹn ní sinimá, ìgbà yẹn ni mo máa ń lọ tọ̀. Màá tọ̀ tán, màá fọ ọwọ́, màá padà dé, kò tíì kú." O ní Sátidé tó ń bọ̀ lo máa gbà fún un níwájú gbogbo wa, kí orí rẹ̀ má bàa wú jù lọ́jọ́ kan. Sátidé ò bá ọ. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni mo kà á sí, mo ká a pọ̀ mọ́ aṣọ.

Mo sọ ọ́ lánàá. Mo sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́, mi ò yọ ìtọ̀ kúrò níbẹ̀. Lọ́yà wò mí tẹkúntẹkún. Ó ní, "Dádì máa ń lọ tọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó dà pọ̀ mọ́ ẹkún, Àkọ́bí náà sì ń nu ojú, ó ní eruku páálí ni.

Ọ̀rọ̀ yípo. Àkọ́bí ní àwọ̀ kàtúùnù náà mú jù, Nọ́ọ̀sì ní ojú rẹ̀ ni kò dáa, bí wọ́n ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi ní mi ò rí nǹkan kan nínú fíìmù náà, ojú ọmọ mi ni mò ń wò. Lẹ́yìn tèmi, gbogbo wa kọjú sí àga rẹ, torí ó kan ìwọ. Kí-nìyẹn ti kó sínú páálí, ó ní mọ́tò òun ni.

Ní àárọ̀ yìí mo na aṣọ méjì sílẹ̀ níwájú Lọ́yà. Ó wò wọ́n fínnífínní, ó ní, "Mọ́mì, méjèèjì ò dáa." Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún dáadáa.

Sùn re, Bàbá Sinimá. A ò gbàgbé rẹ, a ò sì dẹ́kun àtimáa fẹ́ràn rẹ. Àárò rẹ ń sọ wá, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá yípo tó kan àga yẹn. Lọ́yà ní kí n bá òun jíṣẹ́ kan fún ọ. Ó ní fíìmù náà ṣì sú òun o. Ó ní ṣùgbọ́n bí o bá lè padà wá jókòó tì wá wò ó, kí bàbá yẹn pẹ́ bó bá ṣe wù ú kó tó kú.