Òkúta tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lu ọ̀gá mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Agbègbè Dásà ni mo ti ń kọ̀wé.

Ẹnjiníà obìnrin kan ló ń kọ́ mi níṣẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Tàńtí Diane, bí a ṣe ń pe àǹtí níbí. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí mo rí tó ń darí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí n gbà pé èmi náà lè ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́bàá òkè abúlé wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan yọ sí wa pẹ̀lú kùmọ̀. Wọ́n ní obìnrin kì í gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Tàńtí ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀." Òkúta ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó bà á lójú, ó ṣubú, wọ́n sì ń lù ú nílẹ̀ títí apá rẹ̀ fi kán. Mo dùbúlẹ̀ lé e lórí, wọ́n lu èmi náà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ló sọ òkúta yẹn. Mo rí i.

Ojú náà ti fọ́. Síbẹ̀ Tàńtí ní, "Tí apá mi bá ti san, a ó lọ parí kànga wa."

Àwọn ọlọ́pàá ń bi mí pé ta ló sọ òkúta náà. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi: "Má fa ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́." Mo ní, "Màmá, èmi ńkọ́, ọmọ ta ni mí?"

Ọ̀la ni màá dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi fún ọlọ́pàá. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbọ́ mi, tó bá jẹ́ ọmọ yín ni mí, ṣé ẹ ó ṣílẹ̀kùn fún mi tí mo bá dé?