Igun Pátákó Ìyàwòrán

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta
Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sí ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ilé. Ọjọ́ méjì ni: ìyàwòrán lákọ̀ọ́kọ́, làákàyè lọ́jọ́ kejì. Tíṣà tó ń kọ́ mi ní ìyàwòrán ní kí n máa ya nǹkan kan lójúmọ́, láìfi rọ́bà pa á rẹ́. Àga ilé ìdáná ni mo yà lónìí. Ó dà bíi pé ó fẹ́ sá kúrò nílé yìí. N kò dá a lẹ́bi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Ọ̀gá Irin fọ́ mi létí. (Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin — jórinjórin ni, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nínú ìwé yìí.) Ó ní mo jẹ́ kí omi ìwẹ̀ òun tutù. Irọ́. Àwọn àwòrán mi ló rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló fìdí rẹmi. Màmá ní kí n ṣe sùúrù. Etí mi ṣì ń hó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mo ya àtẹ̀gùn ilé, bó ṣe rí láti òkè. Ó dára.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ọ̀gá Irin fa àwọn àwòrán mi ya. Méjèèje. Ó ní ta ni mo rò pé mo jẹ́. Ó fi bàtà iṣẹ́ tẹ ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́lẹ̀, ó sì ń rọra yí ẹsẹ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ ajá. Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra jẹ́jẹ́ Màmá náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Ìka méjì wú. Mo fi ọwọ́ òsì ya ìgò — ìgò náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Tíṣà fi aṣọ di ìka mi, kò béèrè nǹkan kan. Ó ní kí n máa yà lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Mo ti ṣe é. Ọ̀gá Irin tún na ọwọ́ sí àwòrán tuntun. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé pátákó ìyàwòrán, mo là á mọ́ ọn lójú. Igun rẹ̀ ló bá ojú òsì. Ó ṣubú. Mo tún gbá a nílẹ̀ — ẹ̀ẹ̀mejì, kí n má parọ́ fún ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ̀rù ara mi wá ń bà mí. Màmá nu ògiri kó tó pe ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Ojú òsì ti lọ, dókítà ló sọ ọ́. Ọ̀gá Irin sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé irin gbígbóná ló ta sí òun lójú níbi iṣẹ́. Ó wá pè mí sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì: bí mo bá fẹsẹ̀ kan ibi ìdánwò yẹn, òun á pe ọlọ́pàá, òun á sọ ẹni tó fọ́ òun lójú. "Jókòó sílé bíi tèmi." Màmá gbọ́. Kò sọ̀rọ̀ sùúrù lónìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Mo lọ. Ìbéèrè: yàrá kan tí ènìyàn méjì á máa gbé láìrí ara wọn. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìka ń dùn mí wọnú egungun, ṣùgbọ́n mo yà á parí. Apá kejì di aago mẹ́jọ ọ̀la.

Mo délé, Màmá ti wọ bàtà tán. Ó fà mí wọ ilé ìdáná: "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti pe ọlọ́pàá, wọ́n ti ń bọ̀. Ìwọ lọ parí tìẹ lọ́la. Má bá mi jiyàn." Ọlọ́pàá méjì wọlé. Màmá ní òun ni òun fi pátákó gbá ọmọ òun lójú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú òun. Wọ́n ní èmi ni ọmọ náà dárúkọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lójú, kí ló rí?

Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi, ó bi mí níbi tí mo wà lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo ní mo wà lọ́dọ̀ Tíṣà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì mú ìyá mi lọ.