Hóró Mẹ́fà Tí Wọ́n Sọ Di Ẹyọ Kan

Ilé wa,
Yàrá ẹ̀yìn.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ikọ́ ti fi í sílẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ara tèmi le, àmọ́ inú ń bí mi, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí etí pọ̀ nílé yìí ju ẹnu lọ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni. Ẹ rántí pé dókítà ní kíndìnrín wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó wá fi kún oògùn tó ń lé omi jáde lára wọn, láti hóró kan sí mẹ́fà lójúmọ́. Ó ní ọ̀nà tí oògùn ń gbà dénú kíndìnrín ti há. Bí a ò bá kó púpọ̀ ránṣẹ́, díẹ̀ tó yẹ kó débẹ̀ ò ní dé. Ó yé mi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

La bá délé o. Bùrọ̀dá Oníkẹ́míìsì, àbúrò Màámi, yẹ páálí oògùn wò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́fà kẹ̀? Ṣé ẹṣin ni wọ́n ń tọ́jú ni? Kíndìnrín tó ti rẹ̀, ẹ tún fẹ́ nà án ní pàṣán!" Bí Màámi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún Bàbá ní ẹyọ kan nìyẹn. Wọ́n kó ìyókù sábẹ́ aṣọ nínú àpótí.

Àràárọ̀ ni Bàbá ń gun òṣùwọ̀n, èmi ni mò ń kọ ọ́ sínú ìwé yẹn, pẹ̀lú iye hóró tí wọ́n lò. Kílò méjìdínláàádọ́rin, àádọ́rin, mẹ́tàléláàádọ́rin. Bàtà ò gba ẹsẹ̀ wọn mọ́. Bí mo bá fìka tẹ ojúgun wọn, ihò rẹ̀ á kàn máa wò mí ni. Ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Mo gbé ìwé han Bùrọ̀dá, wọ́n ní, "Oníwèé-mẹ́wàá, ṣé ìwọ lò ń ta oògùn ni àbí èmi?"

Láàárọ̀ yìí a lọ sọ́sibítù. Dókítà béèrè bóyá Bàbá ń lo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Màámi ní, "Wọn ò fo ọjọ́ kan rí." Bàbá ń wolẹ̀. Èmi náà di ìwé mọ́yà, mo dákẹ́, torí ta ní í pe ìyá ẹ̀ lópùrọ́ níwájú àlejò? Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní oògùn náà ò ṣiṣẹ́ lára wọn mọ́, ká mú wọn padà wá lọ́la kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn tí wọn ò lò ni wọ́n ní kò ṣiṣẹ́! Tí wọ́n bá lò ó tí kò ràn wọ́n lọ́wọ́, màá gbà pé ẹ̀rọ ló kàn. Inú ń bí mi sí Bùrọ̀dá, ó ń bí mi sí Màámi, àmọ́ èyí tó ń bí mi sí ara mi ló pọ̀ jù.

Lọ́la, kí wọ́n tó pe Bàbá wọlé, màá ka ìwé náà sí dókítà létí, níṣojú Màámi. Kí lẹ́tà yìí tó dé, wọn á ti pè yín pé mo dójú ti ìyá tó bí mi. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, àmọ́ ẹ má sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí.

Ẹ kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá ọmọ mọ́ra dáadáa.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Adákẹ́.